Ṣòkòtò Tí Mo Gbé Fún Iná

Ọmọbìnrin wòlíì wa ló gbé iṣẹ́ náà wá. Èkó ló ń gbé, ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí ló mú un wá sílé, sí ilé àdúrà tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Odígbó. Ó wọ sọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀rẹ̀, ó fìdí lé àga, ó na fóònù sí mi, ó ní ṣé mo lè rán aṣọ tó wà nínú àwòrán yẹn.

Mo wo àwòrán náà. Obìnrin gíga kan ni, wọ́n kun ojú rẹ̀ funfun báláú, wọ́n fi ọ̀dà pupa ya ẹnu rẹ̀ débi etí. Kọ́là ọrùn rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ, wọ́n ṣẹ́ ẹ léraléra yí ọrùn ká. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan jẹ́ alápótí-alápótí dúdú àti funfun, ìkejì jẹ́ olódòdó, èyí olódòdó sì fẹ̀ ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ fíìfíì. Bọ́tìnnì tó tóbi tó ọsàn wà láyà rẹ̀.

Ọmọ náà wá ń ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ará oko. Ó ní àwọn òyìnbó kan wà tí wọ́n ń pàgọ́ káàkiri láti ṣeré, tí wọ́n ń pè ní sákọ́ọ̀sì, pé aláwàdà máa ń wà láàárín wọn, pé aṣọ aláwàdà yẹn làwọn tó ń ṣe aṣọ ìgbàlódé ń wò rán báyìí. Ó ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ló wà lóde. Mo dá a lóhùn pé mo lè rán an. Mi ò sọ fún un pé irú ṣòkòtò yẹn ti kọ́ sára ògiri ilé wa kí wọ́n tó já òun lẹ́nu ọmú.

Aláwàdà ni bàbá mi. Ọkùnrin kan tó ń ta oògùn aràn àti oògùn ẹ̀yìn dídùn ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀ ló gbà á síṣẹ́, ní ibi tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Benin ti máa ń dúró kí èrò jẹun. Iṣẹ́ bàbá mi ni kó kó èèyàn jọ kí olóògùn tó gbẹ́nu lé tirẹ̀. Á yọ láti ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, á dúró ṣinṣin, á wò yíká bí ẹni tó sọ ohun kan nù. Lẹ́yìn náà ni yóò rìn. Ìrìn yẹn ni gbogbo èrò ń torí rẹ̀ gbé ṣíbí wọn sílẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló ń rán aṣọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò kọ́ṣẹ́ aránṣọ rí. Ara ìdérí páànù bisikíìtì kan tí màmá mi ń kó abẹ́rẹ́ àti òwú sí ló ti rí aláwàdà òyìnbó kan tí wọ́n yà síbẹ̀. Ó wo àwòrán yẹn títí ó fi mọ̀ ọ́n rán. Kọ́là rẹ̀, àwọ̀n ẹ̀fọn tó ti ya ni. Ó ṣẹ́ ẹ, ó rì í sínú sítáàṣì pákí, ó fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ títí ó fi dúró gan-an-ran. Kọ́tìnnì àtijọ́ ló di ẹsẹ̀ olódòdó. Ṣùgbọ́n gígé ṣòkòtò náà lohun tí mo ń sọ. Bí bàbá mi bá gbé ẹsẹ̀ òsì, ṣòkòtò á kọ́kọ́ lọ síwájú, ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ á wá máa sáré tẹ̀ lé e. Mi ò tíì rí aṣọ tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà náà, èmi tí mo ti ń ránṣọ fún ogún ọdún ó lé.

Ó máa ń sọ fún mi pé aṣọ tí kò gún ṣòro ún gé ju èyí tó gún lọ. Ó ní aṣọ wèrè náà kò gún, ta ló ń dúró wò ó? Ẹni tó bá fẹ́ gé e kó má gún kó sì pani lẹ́rìn-ín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ó yẹ kó gún sí. Mo ń gbọ́, àmọ́ mi ò fẹ́ gbọ́. Ọmọ aláwàdà ni wọ́n ń pè mí níléèwé, orúkọ yẹn sì ń ta mí lára.

Lọ́jọ́ kan, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi gba gáréèjì kọjá nínú aṣọ iléèwé wa. Bàbá mi rí mi. Níwájú gbogbo èrò, ó tẹrí ba níwájú mi bí ẹni ń kí ayaba, ó yọ òdòdó oníbébà kan nínú kọ́là rẹ̀, ó nà án sí mi. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà bi mí pé ṣé bàbá mi nìyẹn. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Bàbá mi gbọ́. Ó wá na òdòdó náà sí obìnrin kan tó ń jẹun, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Èmi ò tilẹ̀ júwe rẹ̀ rárá.

Nígbà tí mo di ọmọṣẹ́ aránṣọ, iṣẹ́ náà kò tètè yé mi. Àwọn tá a jọ bẹ̀rẹ̀ ti gba ìyọ̀ǹda wọn, èmi ṣì ń gbálẹ̀ sọ́ọ̀bù ọ̀gá mi. Màmá mi mú ọ̀rọ̀ náà lọ sílé àdúrà. Ìyá aríran kan ríran pé aṣọ alábùlẹ̀ kan wà nílé wa tó jọ ẹ̀kú eégún, pé òun ló dí mi lọ́nà. Wòlíì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí bàbá mi kó o wá kí wọ́n sun ún. Bàbá mi ní iṣẹ́ òun ni, ẹni tó bá fẹ́ sun ún kó kọ́kọ́ wá fún òun ní iṣẹ́ mìíràn.

Èmi ni mo gbé e lọ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, kì í ṣe ọmọdé tí wọ́n tàn. Bàbá mi wà lóko pákí rẹ̀ lọ́nà Ago Aláyé lọ́jọ́ náà. Mo ká ṣòkòtò, mo ká wẹ́sìkóòtù, mo gbé kọ́là lé wọn lórí, mo gbé wọn dé àgbàlá ilé àdúrà ní ọ̀sán gangan. Wọ́n da kẹrosíìnì sí i. Kọ́là ló kọ́kọ́ jó, wàrà, àwọ̀n àti sítáàṣì kì í pẹ́. Ṣòkòtò pẹ́ díẹ̀. Wòlíì gbé ọwọ́ lé mi lórí, àwọn akọrin kọrin.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wí fún ara mi pé ìran ló fà á. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì mí, mo sì rí ẹni bá mi fi orúkọ Ọlọ́run bo ìtìjú náà. Ká ní ìyá aríran dákẹ́ ni, bóyá èmi fúnra mi ì bá wá ọ̀nà mìíràn.

Nígbà tí bàbá mi dé, ó wo ògiri. Ó bi mí pé níbo ló wà. Mo sọ fún un. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà oko rẹ̀, ó ní kí n bu omi wá. Kò lu mí, kò bá màmá mi jà. Kò padà sí gáréèjì mọ́. Oko ló kù tó ń lọ, lẹ́yìn ọdún kan ó wọ sùtánà funfun tẹ̀ lé wa lọ sílé àdúrà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá. Ibẹ̀ ló ń jókòó títí di òní. Màmá mi kú, kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ mọ́ kó tó kú.

Ọmọ ẹni tó sun aṣọ wá ní kí n bá òun rán irú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gé ṣòkòtò náà lórí aṣọ ìdánwò, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bà jẹ́. Ó fẹ̀ lóòótọ́, ó sì rọ̀ dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ bí àpò gaàrí tó ṣófo. Aṣọ wèrè ni. Nígbà tó sú mi, mo gun ọ̀kadà lọ sí Odígbó, mo bá bàbá mi níwájú ilé tó ń bó pákí. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo fi àwòrán hàn án.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gba fóònù náà, ó gbé e jìnnà sójú. Ó wò ó pẹ́. Ó bi mí pé ta ló ni í. Mo ní ọmọ wòlíì ni. Ó bi mí pé níbo ni yóò ti wọ̀ ọ́. Mo ní àgbàlá ilé àdúrà ni, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Ó bi mí pé ṣé bàbá rẹ̀ mọ̀. Mo ní ó mọ̀, pé òun ló sanwó aṣọ.

Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó fi hàn mí bó ṣe gé ẹsẹ̀ òsì yẹn tó fi ń ṣíwájú.

Ó dá fóònù padà fún mi, ó mú ọ̀bẹ, ó mú pákí mìíràn.

"Ọma mi," ó ní, "bi iná."

Mo dúró lórí eékún mi títí ó fi bó ìyẹn tán. Ó tún mú òmíràn. Mo padà sí Ọ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, mo ń sọ fún ara mi pé arúgbó yìí le ju.

Mo fi ọgbọ́n gbé e. Mo ki aṣọ líle sínú ẹsẹ̀ olódòdó kó lè dúró, mo fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ náà, nígbà tí ìsìn parí, ọmọ náà lọ bọ́ sùtánà rẹ̀, ó sì jáde sí àgbàlá nínú aṣọ aláwàdà, ojú rẹ̀ funfun, ẹnu rẹ̀ pupa. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wòlíì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ òde òní mà lọ́gbọ́n o, ó gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí, ó sì gbàdúrà fún un. Ibi tí wọ́n dúró sí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ibi tí a dáná sí nígbà yẹn. Mo wojú wòlíì bóyá ó rántí aṣọ tí wọ́n sun. Kò rántí. Ìyá aríran náà wà níbẹ̀, ó ti darúgbó, òun náà ń pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó rí ẹ̀kú eégún lára ọmọ wòlíì.

Wòlíì pè mí jáde, ó ní kí gbogbo ìjọ wo ọwọ́ tí Ọlọ́run bù kún láti ọjọ́ tí a ti mú ìdènà kúrò lọ́nà rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ lọ́kàn mi fún ìtìjú, mo sì kúnlẹ̀ lójú wọn, mo dúpẹ́.

Bàbá mi wà lórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi, nínú sùtánà rẹ̀. Kì í ṣe ojú ọmọ náà ló ń wò, ẹsẹ̀ ṣòkòtò ló ń wò, bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbà á, ó dúpẹ́.

"Ṣòkòtò yẹn kò rìn," ó ní.

Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo dúró tì í, mo fẹ́ bi í lẹ́ẹ̀kejì bí wọ́n ṣe ń gé e. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé láti ọdún márùndínlọ́gbọ̀n yìí, gígé aṣọ nìkan ni mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ fún. Mi ò bẹ̀ ẹ́ rí nítorí èyí tí mo gbé fún iná. Bí mo ṣe ya ẹnu, ẹnìkan pè mí pé kí n wá ya fọ́tò, mo sì lọ.

Àwọn oníbàárà mìíràn ti rí fọ́tò náà, wọ́n ń wá sí sọ́ọ̀bù mi pé àwọn fẹ́ irú rẹ̀. Mo ń sọ fún wọn pé mi ò mọ̀ ọ́n rán. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mò ń rẹ ara mi sílẹ̀ ni. Bàbá mi ṣì wà ní Odígbó. Láti sọ́ọ̀bù mi síbẹ̀ lórí ọ̀kadà, kò jìnnà rárá, mi ò sì tíì lọ bẹ̀ ẹ́.