Àsíá Tó Ń Fẹ́ Lẹ́lẹ́ Láìsí Afẹ́fẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ gbọ́ tèmi. Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, inú mi á bẹ́ ni. Wọ́n ṣe ayẹyẹ ọjọ́ orílẹ̀-èdè ní pápá ẹ̀yìn ilé wa. Àlejò pàtàkì rí àsíá lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ó lanu, ó béèrè pé ta ló ní irú ọgbọ́n báyìí. Ọkùnrin kan tí kò fi ìka kan àsíá ọ̀hún rí, àfi lọ́jọ́ tó fẹ́ bà á jẹ́, dìde, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ìgbìmọ̀ wa ni, sà."

Ìgbìmọ̀ wo? Ẹni tó ni iṣẹ́ wà lẹ́yìn wáyà ọgbà, oòrùn ń pa á lórí, kò sẹ́ni tó fún un ní àga! Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá Sítáàṣì ni gbogbo wa ń pè é. Alágbàfọ̀ ni. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta tí à ń gbé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, àtẹ̀gùn yẹn gan-an ló ṣe òrùlé rẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá ga díẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ tẹrí ba kí ẹ tó wọlé. Bí ọmọ kan bá ń sáré sọ̀kalẹ̀, ekuru á bọ́ sórí tábìlì, ìyá á sì pariwo láti ìsàlẹ̀ pé, "Mo mọ ẹsẹ̀ yẹn o! Aṣọ funfun ń bẹ nílẹ̀!" Ó ní áyọ́ọ̀nù oníná kan, ó ní ti eléèédú kan fún ìgbà tí iná bá lọ. Háńgà so jọ lára ògiri bí ẹ̀gún. Rọ́bà sítáàṣì wà lábẹ́ tábìlì, búlúù tó ń mú aṣọ funfun tàn wà nínú ọ̀rá kékeré, páálí tó ń fi sínú ṣẹ́ẹ̀tì kó lè dúró gbagidi sì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ooru ibẹ̀ lè se ẹyin.

Iṣẹ́ yìí ló bá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Orí àpótí ló dúró sí nígbà tó kọ́kọ́ lọ aṣọ, torí ọwọ́ rẹ̀ ò tó tábìlì. Òun náà ló fi tọ́ ọmọ méjì, àwọn méjèèjì ti ń gbé níbòmíràn báyìí, wọ́n sì máa ń pè é lórí fóònù tí wọ́n bá ti jí lọ́jọ́ Àìkú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ọ̀tún le bí ìsàlẹ̀ bàtà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó sọ fún wa nígbà kan, ó ń lọ ṣòkòtò ẹnìkan lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbórí sókè. Ó ní nígbà tóun wà níléèwé, wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ra àsíá wá fún ọjọ́ orílẹ̀-èdè. Agbára ìyá òun ò ká a. Olùkọ́ fa òun yọ lórí ìlà, òun sì dúró lẹ́bàá ọgbà títí ayẹyẹ fi parí, òun ń pàtẹ́wọ́ fáwọn ẹlẹgbẹ́ òun. "Ọwọ́ òfìfo kì í pàtẹ́wọ́ dáadáa," ló wí. Ó wá gbé ṣòkòtò náà kọ́.

Ní ìsinmi gígùn tó kọjá yìí, oòrùn mú bí iná. Àwọn ọmọ ilé wa ò ríṣẹ́ ṣe, wọ́n kàn ń gun àtẹ̀gùn sókè sódò bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe. Èyí tó le jù nínú wọn ni ọmọbìnrin kan tí a ń pè ní Agbẹjọ́rò, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹ lè bá a sọ tí kò ní rí ọ̀nà àbáyọ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ní kó wá jẹun, á béèrè pé ta ló sọ pé ebi ń pa òun.

Ìyá Sítáàṣì pè wọ́n jọ. Ó ní, "Bí ẹ bá máa gbọn ekuru sí mi lórí, ẹ kúkú wá jókòó síbi tí mo ti lè rí yín." Áà! Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó fi ìwé ìròyìn àtijọ́ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ká abẹ̀bẹ̀. Ó gé páálí ṣẹ́ẹ̀tì fún wọn, wọ́n fi ṣe ìbòjú tí oòrùn ò fi ní wọ ojú. Wọ́n mú ọ̀rá ìpápánu àti ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n fi abẹ́rẹ́ olórí kàn wọ́n pọ̀, ó di kẹ̀kẹ́ kékeré tí afẹ́fẹ́ ń yí. Kò sí èyí tí wọ́n rà níbẹ̀. Ohun tó wà nínú ilé gbogbo èèyàn ni!

Ṣùgbọ́n àsíá ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ẹ mú bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun tó ti gbó, ẹ gé e ní ìwọ̀n ìwé. Ẹ ki ìdajì rẹ̀ bọ inú omi búlúù, ìdajì á wà ní funfun, torí búlúù àti funfun pẹ̀lú ìràwọ̀ wúrà ni àsíá orílẹ̀-èdè tiwa níbí. Ẹ gé ìràwọ̀ láti ara bébà wúrà tó wà nínú páálí bisikíìtì, ẹ pa á mọ́ títí dé ìgbẹ̀yìn. Ẹ wá se sítáàṣì kó ki bí oyin, ẹ rẹ aṣọ náà sínú rẹ̀. Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí: ẹ to ìgò sílẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀, ẹ fi àlàfo sáàárín wọn, kí ẹ tẹ́ aṣọ tútù náà lé wọn lórí, kó máa gòkè kó máa sọ̀kalẹ̀ bí omi òkun. Ẹ jẹ́ kí oòrùn ṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá yọ ìgò kúrò, àsíá yín á dúró bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ń gbé e, kódà nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa. Ẹ lẹ ìràwọ̀ mọ́ ọn, ẹ na wáyà háńgà kan fún ọ̀pá rẹ̀. Ó tán!

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n yọ ìgò, ariwo táwọn ọmọ pa kó jìnnìjìnnì bá ìyá oníbàárà kan tó wá gba búláòsì rẹ̀. Ìyá Sítáàṣì wá ṣèlérí fún wọn: lọ́jọ́ ayẹyẹ, olúkúlùkù á mú èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe dání.

Ibi tí Alága ti wọ̀ ọ́ nìyí. Alága Ìgbìmọ̀ Ayẹyẹ ló ń jẹ́. Àjà kẹta ló ń gbé, ọ́fíìsì kan ló ń lọ tí a ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. A kàn mọ̀ pé ó máa ń gbé báàgì lọ, ó máa ń gbé báàgì bọ̀. Ó dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ó fi bàtà ti ìgò kan.

"Kí ni gbogbo pàǹtí yìí?"

"Ẹ káàbọ̀, Alága. Àsíá àwọn ọmọ ni."

"Ìwọ lo kọ́ wọn ní èyí?"

Ìwọ! Ìyá Sítáàṣì ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà lọ, ó ń pè é ní ìwọ! Agbẹjọ́rò gbójú sókè lórí àpótí tó jókòó lé.

"Màmá, ṣé ẹ̀gbọ́n yín ni Alága?"

"Rárá, ọmọ mi."

"Ó jọ pé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn."

Alága ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ní òun ti ra àsíá gidi nílé ìtajà ńlá, ọlọ́ràá, tó ń dán, ọmọ kọ̀ọ̀kan máa gba tirẹ̀. "Àlejò pàtàkì ò ní fi ọkọ̀ rẹ̀ wá wo àkísà bẹ́ẹ̀dì."

"Tiwọn ni wọ́n máa mú dání, Alága," ni ìyá wí. Kò gbé ohùn sókè. "Mo ti ṣèlérí."

"A ó rí i," ni Alága wí, ó sì gun òkè lọ.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Ọ̀la ni ayẹyẹ. Àsíá ti pé sórí okùn ẹ̀yìn ilé, ìyá sì ti gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà. Alága sọ̀kalẹ̀. Ó ní aṣọ kankan ò gbọdọ̀ wà lórí okùn torí àlejò ń bọ̀. Ó já gbogbo rẹ̀, ó rì wọ́n sínú dúrọ́ọ̀mù omi tó wà lẹ́bàá ògiri, ó fi igi tì wọ́n wọlẹ̀. Ó kó àwọn ìgò sínú ọkọ̀ ìdọ̀tí tó ń kọjá, ọkọ̀ sì lọ. Agbẹjọ́rò rí i láti ojú fèrèsé. Kó tó sáré dé ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Nígbà tí ìyá dé, àwọn ọmọ ti yí dúrọ́ọ̀mù ká, wọ́n ń sunkún bí ẹni tó pàdánù ìbátan. Alága ṣì dúró níbẹ̀. Ó ní, "Aṣọ dọ̀tí, mo bá ọ rẹ ẹ́ ni."

Ó bá a rẹ ẹ́! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà!

Ìyá gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo inú omi. Búlúù ti yọ́, omi náà ti dà bí ojú ọ̀run, ìràwọ̀ wúrà ń léfòó káàkiri. A rò pé ó máa bú sẹ́kún. Ó yíjú sí Alága.

"Omi lẹ fi ń dẹ́rù ba alágbàfọ̀?"

Alága yí padà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ.

Ìyá ti ká apá aṣọ. Ó ní kí wọ́n fún àwọn aṣọ náà, kí ẹnìkan dáná sítáàṣì, oòrùn ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí sítáàṣì ki tán ni wọ́n tó rántí pé kò sí ìgò mọ́. Wọ́n wá inú ilé káàkiri, wọn ò rí èyí tó tó. Ìyá jókòó sórí ìdérí rọ́bà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó jókòó lọ́sàn-án nìyẹn.

"Apá wa ńkọ́?" ni Agbẹjọ́rò wí.

"Apá kì í ṣe ìgò, ọmọ yìí."

"Ìgò náà kì í ṣe apá, ẹ ṣáà lò ó."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyá. Kò pẹ́, àwọn ọmọ ti dùbúlẹ̀ gbalaja sórí ẹní nínú oòrùn, wọ́n na apá wọn méjèèjì, aṣọ tútù tẹ́ lé wọn lórí láti orí apá kan dé èkejì. Mo na tèmi náà. Sítáàṣì tó ń gbẹ lára èèyàn, ẹ má fẹ́ mọ̀ bó ṣe ń rí!

"Màmá, ó ń yún mi!"

"Fara dà á. Bó o bá mira, àsíá rẹ á di fìlà."

"Màmá, eṣinṣin bà lé mi nímú!"

"Kó bà. Òun náà fẹ́ràn orílẹ̀-èdè."

Ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ ọmọ kan dé òmíràn, ó ń fi agboòrùn ṣíji bò wọ́n lójú, ó ń bu omi sí wọn lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n bọ́ àsíá kúrò lára, kò sí èyí tó jọra. Ti Agbẹjọ́rò ní igun kan tó yọ sókè, ibi tí igbọ̀nwọ́ rẹ̀ wà. Búlúù ti ṣá, ó ti ràn wọ inú funfun. Kò dùn mọ́ ìyá nínú, ṣùgbọ́n búlúù ti tán nílé. Wọ́n lẹ ìràwọ̀ padà, ó di ọjọ́ kejì.

Lẹ́nu ọ̀nà pápá, Alága ń pín àsíá ọlọ́ràá. Ó ní kí wọ́n ju àkísà yẹn sílẹ̀.

Agbẹjọ́rò gba tirẹ̀ pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, sà. Ọwọ́ òsì nìyí. Ọwọ́ ọ̀tún ti ní tirẹ̀."

"Mo ní ju èyí sílẹ̀!"

"Ẹ bú orílẹ̀-èdè ni, sà? Ẹ ní kí n ju àsíá sílẹ̀?"

Àwọn òbí tó wà nítòsí yíjú wò ó. Alága yẹ̀ kúrò lọ́nà. Bí gbogbo wọn ṣe wọlé nìyẹn, àsíá méjì lọ́wọ́ olúkúlùkù. Ìyá Sítáàṣì fẹ́ tẹ̀ lé wọn, ọmọ ìgbìmọ̀ kan na ọwọ́ dí i lọ́nà: àga wà fún òbí nìkan, òun kì í sì í ṣe òbí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó lọ dúró lẹ́yìn wáyà.

Afẹ́fẹ́ ò fẹ́ rárá lọ́jọ́ náà. Ewé igi ò mira. Àwọn ọmọ ń yan kọjá, àsíá ọlọ́ràá sì rọ̀ mọ́ ọ̀pá bí etí ajá tó ti rẹ̀. Lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, tiwọn ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó nà gbalaja. Ìgbà yẹn ni àlejò lanu, ìgbà yẹn ni Alága sọ ohun tí mo ti sọ fún yín.

Ìyá ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn wáyà. Agbẹjọ́rò rí i. Ó kúrò lórí ìlà.

"Ìwọ ọmọ yìí! Padà!" Alága nìyẹn.

Kò padà. Ó gbé àsíá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjá lórí wáyà.

"Kí ni ìwọ máa wá mú dání?" ni ìyá bi í.

"Ti Alága ṣì wà lọ́wọ́ òsì mi. Ẹ̀yin lẹ ò ní."

Ìyá gbà á. Ó gbé e sókè, ó ga ju orí gbogbo wa lọ. Àlejò na ìka, ó béèrè pé ta nìyẹn. Alága ní, "Alágbàfọ̀ kan ni, sà."

Alágbàfọ̀ kan! Títí di àárọ̀ yìí, Alága ò tíì sọ fún ìyá pé ẹ pẹ̀lẹ́. Ó ṣì ń kó ṣẹ́ẹ̀tì wá fún un láti lọ̀, ìyá sì ń lọ̀ ọ́ dáadáa. Mo ní kó rọ sítáàṣì sí kọ́là rẹ̀ títí ọrùn ọkùnrin náà ò fi ní lè yí. Ó ní, "Aṣọ ò ṣẹ̀ mí."

Tó bá jẹ́ ẹnu lásán lẹ rò pé mo ní, ẹ lọ wò ó fúnra yín. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni, ẹ rántí tẹrí ba. Àsíá náà wà lára ògiri, lókè áyọ́ọ̀nù, búlúù rẹ̀ ti ṣá. Ẹ fi ọwọ́ yín kan igun tó yọ sókè yẹn, kí ẹ wá sọ fún mi, nínú ìgbìmọ̀ Alága, ta ló ní irú igbọ̀nwọ́ yẹn.