Ìbúra tí Mo Ṣe fún Ọnọ́rébù ní Ọjà Ìpàtà

Kò sí ẹni tó ń ta iṣu ní Ìpàtà tó lè ní òun kò mọ̀ mí, èmi ni alága wọn. Bí ọkọ̀ iṣu bá ti Òkè-Oyì dé, tí mo bá fi ìka kan iṣu nídìí, mo ti mọ èyí tó máa jẹrà kó tó di ọjọ́ kẹta. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, mi ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó kàwé débi tí ojú wọn fi ń fẹ́ awò ló ń wá sí ìsọ̀ mi, tí wọ́n ń ní kí n bá àwọn bá Ọnọ́rébù sọ̀rọ̀.

Ọnọ́rébù yìí, èmi ni mo gbé e dìde. Nígbà tó fẹ́ ṣe káńsẹ́lọ̀, ẹ̀yìn ọ̀kadà mi ló jókòó sí tá a fi ń wọ agboolé kan bọ́ sí òmíràn. Láti ibẹ̀ ló ti lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ló wá di ará Àbújá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dìbò fún un lọ síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo sì fi ẹnu mi kó ìbò jọ fún un ní ọjà yìí. Ohunkóhun tí èèyàn bá bi mí nípa ohun tó ń ṣe lọ́hùn-ún, ìdáhùn rẹ̀ ń bẹ lẹ́nu mi. "Mi ò mọ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu mi.

Lọ́jọ́ kan ni rédíò sọ pé àwọn aṣòfin Àbújá ti fọwọ́ sí òfin kan, pé ọkọ̀ tó bá kó oúnjẹ gba títì ìjọba àpapọ̀ yóò máa san owó-orí tuntun. Ọjà gbóná. Kí oòrùn tó kanrí, wọ́n ti yí ìsọ̀ mi ká. Bàbá kan wà tó ń ta ẹ̀wà, ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ẹnu rẹ̀ sì mú. Òun ló bèèrè.

"Alága, èèyàn rẹ tó wà l'Ábùjá, ṣé ó gbà á ni àbí ó kọ̀ ọ́?"

Mo tẹ ọmọ iṣẹ́ Ọnọ́rébù láago lójú gbogbo wọn. Ohun tó sọ kò ju pé, "Alága, ṣé Ọ̀gá lè gba irú ìyẹn ni?" Mo pa fóònù, mo ní ó kọ̀ ọ́. Bàbá ẹlẹ́wà ní ta ló rí i nígbà tó ń kọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan. Ní ọjà wa, bí ọ̀rọ̀ bá di iyàn tí kò ní ẹlẹ́rìí, Kùránì ló ń parí rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe ààlúwàlá, tó gbọ́wọ́ lé e, tó búra, ọ̀rọ̀ ti tán, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tún bi í. Ẹnì kankan kò ní kí n búra o. Èmi fúnra mi ni mo dìde lẹ́yìn ìrun Alásàrí ní mọ́sáláṣí ọjà, tí mo fi Kùránì búra pé Ọnọ́rébù wa kò fọwọ́ sí òfin yẹn. Gbogbo wọn padà sí ìsọ̀ wọn. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun alẹ́.

Ayọ̀ yẹn náà ló kó bá mi. Mo ní kí àkọ́bí mi obìnrin, tó ti jáde ní pólì, bá mi fi fóònù rẹ̀ wá ìwé tí wọ́n kọ ìbò Ọnọ́rébù sí l'Ábùjá, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìsọ̀ mi níwájú bàbá ẹlẹ́wà. Ó wá a títí. Ó ní, "Bàbá, kò sí ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹnu ni wọ́n fi dìbò ọ̀hún. Àwọn tó gbà á pariwo, àwọn tó kọ̀ ọ́ pariwo, olórí wọn fetí gbọ́ ariwo tó pọ̀ jù, ó lu tábìlì. Wọn ò kọ orúkọ ẹnì kankan."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní irọ́ ni. Ó wá fi fídíò ibẹ̀ hàn mí. Ariwo lóòótọ́, àwọn èèyàn ń rìn kiri, mi ò tiẹ̀ rí Ọnọ́rébù níbẹ̀. Òógùn bò mí nínú ọyẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé ọjà wa lè má mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Ọkùnrin kan wà lọ́jà tó fi Kùránì búra lórí ààlà ìsọ̀, tó sì mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Ọdún kò yí po tí ojú rẹ̀ méjèèjì fi fọ́. Èmi wà lára àwọn tó fà á lọ́wọ́ délé. Láti ọjọ́ tí mo ti wo fídíò yẹn, ọwọ́ rẹ̀ tó tutù nínú ọwọ́ mi ni mo ń rántí. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ń bọ̀ láti Òkè-Oyì, oorun ni mo máa ń sùn níwájú ọkọ̀. Wàyí o, bí awakọ̀ bá ti tẹ búréèkì, ọkàn mi á já. Mo ní kó rọra. Ó ní òun kò sáré. Lóòótọ́, kò sáré.

Nígbà tó yá, egbò kan yọ sí ẹ̀gbẹ́ ahọ́n mi. Ìyàwó mi ní ata ni. Èmi náà ní ata ni. Mo yẹra fún ata fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, egbò kò lọ.

Lẹ́yìn Jímọ́ọ̀ kan tí Ọnọ́rébù wá sílé, mo lọ bá a. Èrò kún pálọ̀ rẹ̀, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè wọlé. Mo bi í ní tààrà. Ó ní òfin wo nìyẹn. Mo rán an létí.

"Òfin mẹ́fà la ṣe lọ́jọ́ yẹn, Alága," ló wí. "Wọ́n ní ká dáhùn, a dáhùn. Mi ò rántí èyí tí mo dáhùn sí."

"Ẹ ò mọ̀ bóyá ẹ gbà á?"

"Ta ló fẹ́ mọ̀? Kò sí lákọsílẹ̀ níbì kankan." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé mo kọ̀ ọ́."

Mo ní mo ti sọ fún wọn, Kùránì ni mo sì fi sọ ọ́. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi, bí ẹni tó jókòó ti alárùn. "Èmi kọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ búra o." Ohun tó sọ nìyẹn, ó sì pe ẹlòmíràn wọlé. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀dọ̀ Àáfà tó kọ́ mi ní kéwú ni mo gbà lọ. Mo ní kí ó sọ fún mi kàfárà tí n óo fi wẹ ìbúra náà nù: bó jẹ́ tálákà mẹ́wàá ni n óo bọ́, ìdajì iṣu ìsọ̀ mi yóò tó o, bó jẹ́ ààwẹ̀ ni, n óo gbà á. Ó mi orí. Ó ní ẹni tó fi ohun tí kò dá a lójú búra, bó tiẹ̀ padà bọ́ sí òótọ́, ó ti ṣẹ̀, oúnjẹ kò lè fọ irú ìyẹn. Túbá ni, kí n ronú pìwà dà. "Àwọn tó gbọ́ ọ nígbà tó o búra gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ nígbà tó o bá ń kó ọ̀rọ̀ rẹ jẹ. Ibi tó o dúró sí, ibẹ̀ náà ni kó o dúró sí."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wá àwáwí. Lọ́jọ́ kìíní, mo ní ọkọ̀ ń bọ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo ní ara mi kò yá. Lọ́jọ́ kẹta, mo jókòó sínú mọ́sáláṣí títí gbogbo wọn fi tú ká. Egbò ahọ́n mi ló lé mi síwájú lọ́jọ́ kẹrin. Bí Lèmọ́mù ṣe sálámà tó parí ìrun Alásàrí, mo dìde.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fi Kùránì búra lórí ohun tí mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá Ọnọ́rébù gbà á, mi ò mọ̀ bóyá ó kọ̀ ọ́. Mo bi í, òun náà kò mọ̀. Mo túbá."

Mo rò pé wọn óo hó lé mi lórí. Kò sẹ́ni tó hó. Ẹnì kan lẹ́yìn ló bèèrè, jẹ́ẹ́, pé bí ẹni tó dìbò fúnra rẹ̀ kò bá mọ ohun tó dìbò fún, ta ni yóò wá sọ fún àwa. Bàbá ẹlẹ́wà kọjú sí mi.

"Alága," ó ní, "mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí n gbọ́ 'mi ò mọ̀' lẹ́nu rẹ kí n tó kú." Ó sún fún mi lórí ẹní rẹ̀ kí n jókòó.

Wọ́n ti kó pósítà tuntun Ọnọ́rébù wá sí ìsọ̀ mi. Ó wà lẹ́yìn iṣu níbẹ̀, mi ò tíì tú okùn rẹ̀. Egbò ahọ́n mi ti jinná. Síbẹ̀, láràárọ̀ ni mo ń ya ẹnu níwájú dígí, tí mo sì ń fi ọwọ́ bo ojú kan, kí n fi ìkejì wo ògiri, kí n tún pààrọ̀. Ọdún kò tíì yí po.