Ilé Tí Wọn Kò Gbé Nǹkan Kan Lé

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tísà ni a bá ìjọba ìbílẹ̀ jà lórí ilé ìgbẹ́ ní Òkìtìpupa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń bi mí nípa ìyanṣẹ́lódì àwa olùkọ́, ṣùgbọ́n èyí ló ṣì ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi.

Àdúgbò wa, lẹ́yìn ẹbu epo, kò sí nínú máàpù ìjọba. Wọ́n ní àwọn kò lè kọ́ ilé ìgbẹ́ síbi tí àwọn kò mọ̀. Mo ní ó dáa, àwa fúnra wa yóò yà á. A fi ṣọ́ọ̀kì ya gbogbo ojúlé sílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé tó bá ní ṣáláńgá, a ó gbé ẹkùrọ́ lé e. Èyí tí kò bá ní, òkúta.

Nígbà tí a ṣe tán, ilé kan ṣófo. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó: ilé mi ni. Ó yà mí lẹ́nu. Mo bi wọ́n pé ta ló gbàgbé. Mo bá mú ẹkùrọ́ kan, torí ilé ìgbẹ́ olómi wà nínú ilé mi.

Ìyá Ayọ̀, tó ti lo ọdún mẹ́fà nínú yàrá tí mo fi háyà lẹ́yìn ilé, kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, Tísà. Ẹ̀yin lẹ ní ilé ìgbẹ́. Inú oko ọ̀pẹ làwa ará ẹ̀yìn ń lọ."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ ń jà fún wa. Ta la ó wá fẹjọ́ yín sùn?"

Ojú tì mí. Ejò ti bu Ayọ̀ jẹ nínú oko yẹn rí. Èmi ni mo gbé e lọ sílé ìwòsàn lórí ọ̀kadà, èmi tí mo máa ń tọpinpin ohun gbogbo, mi ò sì béèrè ohun tó wá ṣe níbẹ̀.

Mo gbé òkúta lé ilé mi. A da gbogbo rẹ̀ kọ sórí páálí, a gbé e lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn títí ọ̀gá kan fi jáde. Ó tọ́ka sí òkúta àárín, ó bi wá pé ilé ta nìyẹn. Mo ní tèmi ni, mo sì ti ń gbẹ́ ṣáláńgá síbẹ̀. Ó ní ká wọlé.

Ilé ìgbẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ṣèlérí, méjì ni wọ́n kọ́. Ẹ lọ béèrè ìyókù. Àdúgbò wa ti wà nínú máàpù wọn báyìí, wọn ò lè sọ pé àwọn ò mọ ọ̀nà.

Kí ṣáláńgá tèmi tó parí, Ìyá Ayọ̀ ti kó lọ sí Òde-Ìrèlè. Ọ̀nà ibẹ̀ kò jìn, ọ̀kadà sì pọ̀. Mi ò tíì lọ bẹ̀ ẹ́.