Ìbọn Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn Oleta Cogar

Ogójì ọdún ó lé ni ilé èmi àti ti Oleta Cogar fi kọjú síra wọn lójú ọ̀nà Painter Fork, ní West Virginia. Tí mo bá dúró nídìí fèrèsé ilé ìdáná mi, mo máa ń rí i bó ṣe ń sá aṣọ. Òun náà sì máa ń rí mi tí mo bá jókòó tí mi ò ṣe nǹkan kan. Á wá pè mí lórí fóònù: "Nadine, ṣé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ àga yẹn ni?"

Obìnrin kúkúrú ni, ọwọ́ rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ náà ò sì dẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ òkè. Kò sí ọmọ àdúgbò wa tí kò jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo rẹ̀ rí. Tí ọmọ kan bá yímú sí abọ́, Oleta á ní, "Kò burú, fi sílẹ̀. Tó bá di aago méjì, ebi á bá mi bá ẹ wí."

Ìbọn ìléwọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, ìbọn ọlọ́ta mẹ́fà tí bàbá rẹ̀ fún un nígbà tó lọ sílé ọkọ. Níbi tí a wà, ẹnikẹ́ni ò lè torí ìyẹn wo èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́pàá tó sún mọ́ wa jù lọ, ogójì ìṣẹ́jú ni, ìyẹn tí yìnyín ò bá bo ọ̀nà. Denzil ọkọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ nínú ihò èédú, iṣẹ́ òru sì ni tirẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ló ń jáde, oòrùn á ti yọ kó tó wọlé. Oleta nìkan ló ń wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ méjèèjì, Rhonda àti Garland àbúrò rẹ̀.

Nígbà òtútù ọdún 1976, ẹnì kan wá ń já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọn. Oleta gbọ́ bí irin ṣe ń ha igi. Kò pariwo. Ó mú ìbọn, ó fẹsẹ̀ lásán dúró láàárín ilé ìdáná, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ìwọ tó wà níta yẹn. Ọmọ méjì ló ń sùn lẹ́yìn mi. Ọta mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì ní fi ọ̀kankan ṣòfò."

Irin náà dákẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí ipa bàtà ńlá nínú yìnyín. Ó rọra wá, ó sì sáré padà. A ò mọ ẹni náà títí dòní.

Denzil dé, ó rí ẹnu ilẹ̀kùn tó ti ya, ó sì jókòó lórí àtẹ̀gùn, kò lè yọ bàtà. Oleta ní, "Gbọ́, mo fẹ́ kó o mọ̀ ni o. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé yìí tí mi ò mọ̀ ọ́n, màá yìn ín níbọn."

Láti ọjọ́ náà ni Denzil ti ń pariwo láti ẹnu géètì kó tó wọlé. Èmi tí mo wà lódìkejì náà máa ń gbọ́ ọ láràárọ̀.

"Èmi ni o, Oleta! Ọkọ ẹ ni! Má pa mí o, mi ò tí ì jẹun!"

Oleta á dáhùn látinú ilé pé, "Ọkọ mi rẹwà ju gbogbo ìyẹn lọ. Lọ wá ilé ẹlòmíì!" Lẹ́yìn náà á ṣílẹ̀kùn.

Báyìí ni wọ́n ṣe gbé ayé wọn. Garland kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìlélógún. Ọdún yẹn ni irun Oleta funfun. Rhonda lọ ṣiṣẹ́ ní Ohio, ó lọ́kọ síbẹ̀. Denzil fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ikọ́ tí eruku èédú fi sí i láyà. Síbẹ̀, ìbọn náà ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bí Oleta bá ti gbàdúrà tán, á ṣí i, á ka ọta inú rẹ̀, á dá a padà, á sì sùn. Ó sọ fún mi nígbà kan pé, tí ọwọ́ òun ò bá kàn án, oorun kì í kun òun.

Ọdún 2012 ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ó gbé ẹ̀wà wá sí àsè ìjọ, iyọ̀ inú rẹ̀ tó ti ìkòkò mẹ́ta. Gbogbo wa jẹ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó wa ọkọ̀ lọ ra ìyẹ̀fun, wọ́n sì rí i nírọ̀lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ní ìlú kejì sí wa, tó gbá sítíárìn mú tó ń sunkún. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọpọlọ rẹ̀ ló ń kú díẹ̀díẹ̀, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà.

Ọjọ́ tí èmi fúnra mi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ìgbàgbé, páì ápù ni mo gbé lọ fún wọn. Oleta fà mí wọnú ilé ìdáná, ó sì sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Nadine, ta ni bàbá arúgbó tó wà ní pálọ̀ yẹn?"

Mo gbé páì náà sórí tábìlì.

"Èèyàn dáadáa ni o," ó ní. "Ó ń bá mi fọ abọ́. Àmọ́ kì í lọ sílé ẹ̀."

Denzil ti gbọ́. Ó yọjú, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. "Ó ní èèyàn dáadáa ni mí," ó ní. "Láti ọdún 1966 ni mo ti ń dúró kó sọ bẹ́ẹ̀."

Láti ìgbà náà, ọjọ́ méjì kan á wà tó mọ̀ ọ́n, á sì máa bú u bó ṣe ń bú u. Ní ọjọ́ kẹta, á máa bá a sọ̀rọ̀ bí obìnrin tó nítìjú ṣe ń bá àlejò sọ̀rọ̀. "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ mọ ìgbà tí ọkọ mi máa dé láti ibi iṣẹ́?" Denzil sọ fún mi pé òun lè fara da gbogbo ìyókù. "Sà" yẹn ni òun ò lè fara dà.

Rhonda wá látọ̀nà jíjìn, ó sì gbé ọ̀rọ̀ ìbọn kalẹ̀ níwájú mi.

"Dádì, ẹ gbé nǹkan yẹn kúrò nílé yìí lónìí."

"Ìyá ẹ ò lè sùn láìsí i."

"Tí Mọ́mì bá yìn yín níbọn ńkọ́?"

"Ìyá ẹ ò lè yìn mí níbọn, Rhonda. Tí mi ò bá tiẹ̀ wúlò, wàhálà àtisin mí á ti pọ̀ jù fún un."

"Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Dádì, wọn ò mọ̀ yín mọ́."

Nígbà tí Rhonda lọ tán, Denzil gbé ìbọn náà lọ pa mọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni Oleta ò fi sùn. Ó ń ti yàrá dé yàrá, ó ń tú aṣọ, ó ń fọwọ́ wá a lábẹ́ tìmùtìmù, ó ń sọ pé, "Àwọn ọmọ mi wà nínú ilé yìí. Kí ni màá fi gbà wọ́n?" Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ṣubú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ó sì fi orí gbá ilẹ̀.

Denzil wá lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún ìbọn ṣe. Ọkùnrin náà fún un ní ọta irọ́ mẹ́fà, tí wọ́n rí bí ọta gidi lójú, tí wọ́n sì wúwo bí ọta gidi, àmọ́ tí kò sí ẹ̀tù nínú wọn. Denzil kó àwọn gidi lọ sọ sínú odò. Ó ki àwọn yìí sínú ìbọn, ó sì dá a padà sí ààyè rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Oleta ṣí i, ó kà wọ́n.

"Ṣé wọ́n pé?" ó bi í.

"Mẹ́fà pé," ni Denzil wí.

Ó sì sùn. Oṣù mẹ́rìnlá ni Denzil fi ń dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò purọ́ fún un rí kó tó di ìgbà yẹn, àfi lórí owó tábà.

Lóṣù kejì ọdún 2014, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, tí yìnyín sì bo ilẹ̀, Denzil jáde lọ kó igi ìdáná ní àhéré ẹ̀yìnkùlé. Kò pẹ́. Bó ṣe ń padà bọ̀, ó pariwo bó ṣe máa ń pariwo: "Èmi ni o, Oleta! Ọkọ ẹ ni!" Ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó wọlé.

Oleta wà láàárín ilé ìdáná nínú aṣọ oorun. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbọn mú.

"Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn."

"Oleta, èmi ni. Denzil ni."

"Irọ́ lẹ̀ ń pa. Denzil ò tí ì dé. Denzil kì í ṣe arúgbó." Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Ọmọ méjì ló ń sùn lẹ́yìn mi. Ẹ jáde."

Ó yẹ kí Denzil jáde. Òun náà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Àmọ́ igi kún ọwọ́ rẹ̀, èyí tó wà lókè sì ti fẹ́ já bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kó wọn sílẹ̀. Oleta rí i pé ó tẹ̀ síwájú, ó sì fi ìka fa ìbọn náà. Ó dún kọ́ lásán, ọta kankan ò jáde. Ó tún fà á. Ó tún fà á lẹ́ẹ̀kẹta.

Denzil ní láàárín ẹ̀ẹ̀kìíní àti ẹ̀ẹ̀kejì, òun bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bóyá ọta gidi kan ṣẹ́ kù síbì kan tí òun ò mọ̀, tí Oleta sì rí i. Ó ní òun ò sá.

Oleta wo ìbọn náà. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má pa mí. Ẹ kó ohun tó bá wù yín. Ẹ ṣáà má dé yàrá àwọn ọmọ."

Denzil fẹ̀yìn rìn jáde. Mo rí i láti ojú fèrèsé mi tó jókòó lórí àtẹ̀gùn láìwọ kóòtù, ikọ́ ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Mo mú kóòtù ọkọ mi, mo sáré sọdá.

"Denzil, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó yìn mí níbọn, Nadine."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀.

"Kò ta. Èmi ni mo yọ ọta ẹ̀." Ó nu imú. "Àyà mi gan-an ló nà án sí. Ó ń gba ilé ẹ̀ lọ́wọ́ olè. Ó sì jẹ́ pé ìbọn òfìfo ni mo gbé fún un láti fi gbà á."

"Ìyẹn ló jẹ́ kó o wà láàyè."

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo mọ̀. Wọlé lọ bá a, jọ̀ọ́. Ìwọ, ó ṣì mọ̀ ẹ́."

Oleta ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó dì mọ́ mi lọ́rùn. "Nadine, ṣé ó ti lọ?"

"Ó ti lọ."

"Mo yìn ín níbọn, kò ta. Garland ńkọ́? Ṣé ó jí Garland lójú oorun?"

Mo ní Garland ń sùn. Ọdún kẹrìnlélógún tí a sin ín nìyẹn.

Ìgbà tí òpin ọ̀sẹ̀ dé, Rhonda gbé ìbọn náà lọ. Mi ò béèrè ibi tó gbé e sí. Lóṣù kẹta, wọ́n mú Oleta lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ìrìn wákàtí kan sí wa. Denzil ń wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, pẹ̀lú ikọ́ rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì sọ fún un pé lálẹ́ Oleta máa ń na ọwọ́ ọ̀tún jáde láti orí ibùsùn, á máa fọwọ́ wá nǹkan nínú afẹ́fẹ́. Wọ́n rò pé omi ló fẹ́. Denzil ò sọ ohun tó ń wá fún wọn. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa dúró títí á fi sùn, wọ́n sì gbà. Ó wá ń jókòó síbi tí ọwọ́ náà ti lè kàn án. Ọjọ́ míì á di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọjọ́ míì á ta á nù.

Ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n jọ sọ̀rọ̀, Oleta ló kọ́kọ́ bi í léèrè.

"Ṣé ẹ níyàwó, sà?"

"Mo ní."

"Ṣé ó ń tọ́jú yín dáadáa?"

"Kò sí ẹni tó tọ́jú mi bíi tirẹ̀."

"Ẹ tètè máa lọ sílé nígbà náà," ni Oleta wí. "Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ má jẹ́ kó máa dá wà."

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn ló kú. Ẹ̀gbẹ́ Garland la sin ín sí, lókè ilé ìjọsìn. Nígbà tí a jẹun tán, Denzil bá wa kó àga, bí a tiẹ̀ ń sọ pé kó jókòó. Rhonda ní kó wá máa bá àwọn gbé ní Ohio, Denzil ní òun ò lè gbé níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ṣì wà lódìkejì wa. Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo rí i tó ń gbin ọ̀dùnkún. Ó ń sinmi lẹ́yìn ebè kọ̀ọ̀kan, nítorí àyà rẹ̀. Mo gbé kọfí lọ fún un, ó mu ún lórí ìdúró, ó sì dá ife padà fún mi.