Ẹrù Tí Mo Pọ̀n Bí Ọmọ

Ó ku bí ọdún mẹ́ta kí a gba òmìnira nígbà tí mo jáde ilé ìwé Mọ́dà, ti ọlọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí mo padà wá jókòó sílé àwọn òbí mi ní Ẹgbẹ́dá. Bàbá mi ni katikíìsì ìjọ Áńgílíkà níbẹ̀. Wọ́n ti fi mí fún ọkọ: olùkọ́ kan ní Làlúpọn, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ọmọlúàbí tó máa ń nu bàtà rẹ̀ kó tó wọlé onílé. Ìgbéyàwó di ẹ̀yìn Àjíǹde. Títí di ìgbà náà, kò sí iṣẹ́ tí mo ní ju kí n gbálẹ̀, kí n rán aṣọ tábìlì, kí n sì máa dúró.

N kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Bí mo bá gbálẹ̀ tán, màá tún un gbá. Màá rìn dé ẹ̀yìn ọgbà, màá padà, màá tún lọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ ń yún mi ṣáá, ìyá mi a sì ní, "Ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń yún, ìrìn àjò ló kàn án. Ìrìn àjò wo lo tún ń wá, nígbà tó jẹ́ ilé ọkọ lò ń lọ?" N kò kórìíra ọkùnrin náà. Ìjókòó ni ara mi kọ̀.

Lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bàbá mi máa ń fẹsẹ̀ rìn yí àwọn abà ká, láti Ẹgbẹ́dá sí Erúnmu, kí wọ́n gba inú oko kòkó já sí Làlúpọn, kí wọ́n sì parí rẹ̀ sí Ẹ̀jìòkú. Àwọn ìjọ kéékèèké wà káàkiri ọ̀nà náà tí kò sí ẹni tó ń bẹ̀ wọ́n wò àfi bàbá mi. Lọ́dún yẹn, ọkùnrin tó máa ń bá wọn ru ẹrù ti rí iṣẹ́ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Alákíà. Mo ní èmi yóò bá wọn lọ.

Ìyá mi ní, "Kí àfẹ́sọ́nà ẹ wá gbọ́ pé ìyàwó òun ń ru ẹrù kiri inú oko?"

Bàbá mi gbé ìwé ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n wá wò mí. "Ṣé o mọ ẹrù tí à ń sọ?"

Mo mọ̀ ọ́n. Àpótí onírin kan ni, tí Bíbélì, ìwé orin, ẹ̀wù funfun àti bàtà kejì wà nínú rẹ̀. Wọn a gbé ibùsùn kánfáàsì tó ń ṣẹ́ pọ̀ lé e lórí, ẹsẹ̀ rẹ̀ irin. Lẹ́yìn èyí ni àtùpà, kẹ́tùlù, agboòrùn àti bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin gìrìpá ló ń rù ú, òun náà a sì máa kérora.

Mo kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Mo ní kí àpótí dúró sílé. Bàbá gbà. Mo ní kí ibùsùn náà dúró. Wọ́n kọ̀.

"Bí mo bá sùn sílẹ̀, ẹ̀yìn mi kò ní jẹ́ kí n dìde."

"Ẹ jẹ́ ká dán an wò ná, Bàbá."

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo tẹ́ ẹní sílẹ̀, mo ká kíjìpá, aṣọ òkè tó nípọn tí ìyá ìyá mi hun, sí ibi tí ìbàdí wọn yóò wà. Wọ́n dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Agogo ìsìn ìrọ̀lẹ́ ló jí wọn. Wọn kò sọ pé mo jàre, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló gbé ibùsùn náà padà sí yàrá. A fi bùláńkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí kíjìpá ń gba ni lọ́wọ́ òtútù ọyẹ́ jù ú lọ, ó sì tún ṣe é tẹ́ sílẹ̀.

Ibi tí a ó forí pa mọ́ sí ló kàn. Bàbá ní àwọn ará ìjọ yóò fún wa ní yàrá. Mo rán wọn létí ọdún tó kọjá: èéfín iná àti àpò kòkó ló kún àwọn yàrá náà, wọ́n sì lọ sùn lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi ń ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìrì pa ìwé orin wọn títí ó fi wú. Àbúrò ìyá mi tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù fún mi ní àjákù tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀. Ó ń rùn fún epo pupa, ó sì wúwo. Mo gé e sí méjì, mo mú ìdajì, mo sì fi okùn ta á sáàárín igi obì méjì lẹ́yìnkùlé wa. Atẹ́gùn wọ inú rẹ̀, ó gbé e lọ sórí ewúrẹ́ àwọn aládùúgbò. Nígbà tí mo rẹ ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí atẹ́gùn sílẹ̀, tí mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó dúró.

Bí a ó ṣe gbé gbogbo rẹ̀ ló dà mí láàmú jù. Mo rán àpò kòkó kan, mo kó ẹrù sí i, mo gbé e sórí, mo rìn yí ilé ká. Ẹní yọ gbọọrọ níwájú àti lẹ́yìn, ẹ̀ka igi ń fà á, n kò sì lè wo ibi tí ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀. Ìgbà tí mo rí ọ̀já lórí okùn aṣọ ni ọ̀rọ̀ náà yé mi. Mo ká ẹní kúrú, mo kì í sínú àpò pẹ̀lú aṣọ àti ìkòkò, mo pọ̀n ọ́n, mo fi ọ̀já gbà á ní ìdí, mo sì fi okùn gba èjìká. Ìbàdí mi gbé e. Ọwọ́ mi ṣófo.

Ìyá mi wò mí lọ wò mí bọ̀. "Kò sẹ́ni tó ń rìn bí abiyamọ," ni wọ́n sọ, wọ́n sì lọ lọ ata.

A gbéra ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Bàbá mú ìwé àti agboòrùn tiwọn. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku sì pọ̀, ni mo bá da aṣọ bo ẹrù ẹ̀yìn mi. Inú mi dùn débi pé mò ń ṣíwájú Bàbá, tí mò ń dúró dè wọ́n, tí n kò sì lè dúró pẹ́.

Lẹ́yìn Erúnmu, ìyá àgbàlagbà kan ń fọ aṣọ ní òdìkejì odò. Ó nàró, ó ní, "Ẹ kú ewu o."

Mo rò pé ewu ọ̀nà ló ń sọ. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

"Akọ ni àbí abo?"

Odò ń ho, n kò gbọ́ ọ dáadáa. Mo tún ní, "Ẹ ṣé, mà," mo sì kọjá.

Ní abà tí a dé lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti osùn wá pàdé mi. Wọ́n ń wo ẹ̀yìn mi. Mo sọ ẹrù kalẹ̀, ọ̀kan sì béèrè ibi tí mo tẹ́ ọmọ sí. Kí n tó ṣàlàyé tán, baba ìjọ ti fa bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń bi wọ́n pé ta ló ni ọmọ náà. Mo rí i tí ojú Bàbá yí padà.

Nígbà tí a tún bọ́ sọ́nà, wọ́n ní, "Gbé ẹrù yẹn sórí."

Mo gbé e sórí. N kò jiyàn. Ọrùn mi wọlé, ẹ̀ka kòkó ń gbá àpò náà, Bàbá sì ń wò mí láti ẹ̀yìn. Ní orí afárá onígi kan, n kò rí ẹsẹ̀ mi, mo yọ̀, orúnkún mi gbá igi, àpò já bọ́ sẹ́bàá odò. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé e. Wọ́n dúró pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́, ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀ wọn.

"Pọ̀n ọ́n," ni wọ́n wí. "Ẹnu ayé kò ní bá wa ru ẹrù."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, òjò tí kò yẹ kó rọ̀ lásìkò náà rọ̀. A ta tapólì sáàárín igi kòkó, àwa méjèèjì jókòó sórí ẹní kan, ìwé orin wà láàárín wa, ó gbẹ. Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Akọ ni àbí abo?" ni wọ́n bi mí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú wa dé Làlúpọn. Àfẹ́sọ́nà mi gun kẹ̀kẹ́ wá pàdé wa lójú ọ̀nà, eruku bo bàtà rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Ó wá yíjú sí mi.

"Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan."

Bàbá ní, "Tú u, kó rí i."

Mo tú u sílẹ̀ lójú ọ̀nà: ẹní, kíjìpá, tapólì, ìkòkò dúdú. Ó wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó bá mi kó o padà. Nígbà tí a parí, ó ní, "Ó ti tó báyìí. Jẹ́ kí n gbé e sórí kẹ̀kẹ́, kí o wá sinmi lọ́dọ̀ ìyá mi. Màá wá ẹni tí yóò bá Bàbá dé Ẹ̀jìòkú."

Ire ló ń rò sí mi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi ti kọjú sí Ẹ̀jìòkú.

"Màá bá wọn parí rẹ̀," ni mo sọ.

"Tí a bá wá ṣègbéyàwó ńkọ́? Mi ò fẹ́ aya tí wọn yóò máa bi mí pé ibo ló wà."

"Mi ò mọ̀," ni mo wí. Òótọ́ ni.

Ó wo ilẹ̀ títí. Ó kí bàbá mi pé ó dàbọ̀, ó sì yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, kò gùn ún, ó ń tì í lọ.

Lójú ọ̀nà, Bàbá yíjú sí mi. "Ṣé o kò ní kábàámọ̀?"

"Mi ò lè sọ, Bàbá."

"Ó dáa. Jẹ́ ká rìn, kí oòrùn tó mú."

Àjíǹde dé, ó kọjá, a kò ṣègbéyàwó. Kò sí ìjà. Àwọn ẹbí méjèèjì kàn ń sún un síwájú títí tó fi di pé ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó fẹ́ ọmọ ìjọ wọn, mo sì gbọ́ pé inú wọn ń dùn. Èmi gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Akínyẹlé, mo sì ń pààrọ̀ ilé ìwé léraléra títí àwọn àjèjì fi ń rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni mò ń dá tí wọ́n fi ń lé mi. Nígbàkígbà tí mo bá wálé, ìyá mi a gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi lójúde, wọn a sì béèrè, kí n tó jókòó, ọjọ́ tí mo tún ń lọ.