Kìnnìún Níwájú, Ṣáláńgá Lẹ́yìn

Ẹ sún mọ́bí, ẹ fìdí kalẹ̀ sórí ẹní. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó jẹ ẹ́ tán ná, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò bá oúnjẹ rìn.

Bẹyẹrúnkà ni agboolé wa wà. Ìgbà tí mò ń sọ yìí, Òyìnbó kò tíì lọ, kòkó ń mówó wọlé, èmi náà sì ti gbéyàwó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni baálé wa. Bàbá mi ti kú ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kànga tó gbẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo agboolé ń mu. Ìyá mi ló ń tọ́jú rẹ̀. Òun ló ń fi páànù bò ó, òun ló ń gbá ẹnu rẹ̀ láràárọ̀. Ẹni tó bá ju korobá ẹlẹ́gbin sí i, èébú tó máa gbọ́, yóò dé Ọjà'ba.

Ṣáláńgá wa kò jìnnà sí kànga yìí, ó sì ti kún. Ó kún débi pé bí òjò bá ti rọ̀, ìdin á wọ́ jáde, àwọn adìyẹ á máa sáré ṣà wọ́n jẹ, àwa náà á wá pa adìyẹ jẹ lọ́dún ìtúnu ààwẹ̀. 

Lọ́dún kan, kòkó ìdílé so gidigidi. Nígbà tí wọ́n tà á tán, baálé pè wá jọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó ní agboolé kan ní àdúgbò Àrẹ̀mọ ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ iwájú ilé wọn, wọ́n sì gbé ère kìnnìún méjì sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní tiwa gbọ́dọ̀ ju tiwọn lọ.

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbẹ́ ṣáláńgá mìíràn sí ọ̀nà jíjìn, ká dí èyí. Bí òjò ọdún yìí bá bá a báyìí, kànga lọ nìyẹn."

"Ìyàwó," ni baálé wí, "ta ni yóò ti Màpó wá wo ṣáláńgá?"

Ọ̀ọ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò bàbá mi ní, "Àbí ká kúkú gbé kìnnìún náà sórí ṣáláńgá fún wọn!"

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ń bèèrè ẹni tí yóò wò ó. Èmi ń bèèrè ẹni tí yóò lò ó."

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Ó parí síbẹ̀.

Birikilà dé. Kìnnìún méjì jókòó, ẹnu yíyà, ahọ́n pupa, wọ́n jọ ológbò tí inú ń run. Wọ́n rẹ́ iwájú ilé, wọ́n kùn ún lọ́dà. Ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ṣì jẹ́ ògiri amọ̀ tí òjò ti jẹ nídìí.

Òjò dé. Omi kànga bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ìyá mi dé páànù mọ́ ọn, ó ní kí a máa lọ pọnmi ẹ̀rọ, ó sì lọ sọ fún baálé. Èsì wo ló gbà? "Ẹ ju álọ́ọ̀mù tó ń mú omi tòrò sí i. N kò fẹ́ gbọ́ ọ títí a ó fi ṣílé."

Ọjọ́ ìṣílé, baálé ní kí wọ́n ṣí páànù orí kànga kí omi lè tó àsè. Àlejò kún ojúde. Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n ń yin kìnnìún. Nígbà tí ìrun ọ̀sán tó, wọ́n gbé kẹ́tùlù fún Àlùfáà àgbà tó wá ṣàdúà. Ó da omi sọ́wọ́, ó gbé ọwọ́ sí imú, ó dúró.

"Níbo lẹ ti pọn omi yìí?"

"Kànga wa ni, Àlùfáà."

"Omi tó ń rùn báyìí kò ṣe é fi ṣe àlùwàlá." Ó gbé kẹ́tùlù sílẹ̀. Ó wá wo àwo tó ti jẹun. "Omi wo lẹ fi se ìrẹsì?"

Baálé ń wolẹ̀. Ọkùnrin sànmọ̀rí kan láti Bẹẹrẹ dìde, kò rìn jìnnà. Ìdí kìnnìún ọwọ́ ọ̀tún ló bì sí.

"Ẹ sun tùràrí!" ni baálé ń pariwo. "Ẹ sun tùràrí!"

Nígbà tí àlejò tú ká tán, ó ní kí wọ́n bu omi ẹ̀rọ wá. Mo rò pé àwa tí inú ń lọ́ ni yóò fún mu. Kìnnìún ló fi fọ̀. Èmi ò lè gbàgbé èyí, ó rí mi lára ju òórùn ṣáláńgá lọ.

Wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ dí kànga. Ìyá mi dúró tì í títí wọ́n fi ṣe tán. "Ọkọ mi ló gbẹ́ ẹ," ló sọ.

Lẹ́yìn ikú baálé, àwọn àgbà ìdílé pín ohun tó kù. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin jogún iwájú ilé àti kìnnìún. Àgbọ̀n ọ̀kan ti já bọ́, ewúrẹ́ sì ń yàgbẹ́ sídìí ìkejì. Àbúrò bàbá mi gba oko kòkó, ó tà á, ó fi ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí kò mọ̀ ọ́n wà. Wọ́n bu ẹ̀yìnkùlé fún mi, pẹ̀lú kànga dídí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, bí owó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, ìbéèrè ìyá mi ni mo máa ń bi ara mi kí n tó ná an. Kí n tó mọ ògiri kankan sórí ilẹ̀ náà, ṣáláńgá ni mo kọ́kọ́ gbẹ́, ní ìkángun tó jìnnà jù, mo fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ yípo. Àwọn tó ń kọjá ń fi mí ṣẹ̀sín pé mo kọ́ ṣáláńgá síbi tí kò sílé.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ lò ó.