Fóònù Bàbá Tíṣà

Ní ọ̀dọ̀ wa ní Yewa, àgbàlagbà kì í bá fóònù jà. Bí nǹkan inú rẹ̀ bá ti fẹ́ rú u lójú, yóò na fóònù náà sí ọmọdé tó bá wà nítòsí, yóò ní, "Bá mi tẹ̀ ẹ́," yóò sì yí ojú síbòmíràn. Kò ní wo ohun tí ò ń tẹ̀. Bó bá lọ wò ó, á dà bí ẹni pé kò fọkàn tán ọ, ìwọ náà á sì mọ̀ pé wọ́n ti fi àbùkù kàn ọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, inú ìwà pẹ̀lẹ́ yẹn ni mo ti rí àyè ṣe é.

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Ìláròó. Ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ là ń kọ fún èèyàn. Lọ́dún tí ìjọba ti bọ́dà pa, àwọn ọ̀gá wa l'Ékòó gbé ètò kọ̀ǹpútà tuntun kan jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa wo ìrìn oníbàárà, kó sì sọ ṣáájú bóyá ọkọ̀ ẹni náà yóò mú òfò bá wa. Aríran làwa ní ọ́fíìsì ń pè é. Aríran yìí kì í ríran lásán o. Inú fóònù àwọn oníbàárà ló ti ń rí i: ibi tí fóònù bá sùn, ibi tó bá jí, ọ̀nà tó bá tọ̀.

Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ wá bá wa sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín ni. Ó ní òfin kò sọ pé ká má lo ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n oníbàárà gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe kó tó gbà fún wa. Ó ní bí ẹ̀rọ bá kọ èèyàn, èèyàn ẹlẹ́ran ara ló gbọ́dọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kí lẹ́tà tó jáde, bí ẹni tí a kọ̀ bá sì bi wá ní ìdí rẹ̀, a gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ fún un. Ó wò wá lójú, ó ní, "Ẹ má fi ẹ̀rọ bojú. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i ló ṣe é." Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo tún fa ìlà sí i nídìí. Èmi ni wọ́n yàn pé kí n máa yẹ àwọn tí Aríran bá kọ̀ ní agbègbè wa wò. Inú mi dùn débi pé mo lọ ra báírò tuntun.

Ká tó bẹ̀rẹ̀, mo ní láti gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ oníbàárà kọ̀ọ̀kan lórí fóònù rẹ̀, kí Aríran lè máa wo ìrìn rẹ̀. Mo lọ sí Igbógìlà, mo lọ sí Jóga Orílé, mo dé Àjílété. Níbi àkọ́kọ́ mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ro mí. Níbi kejì mo gé e kúrú. Nígbà tó yá, mi ò ṣàlàyé kankan mọ́. Wọ́n á na fóònù sí mi, wọ́n á yíjú síbòmíràn, èmi á sì bá wọn tẹ "Mo gbà." Bí ẹnìkan bá béèrè pé kí ló wà fún, màá ní, "Kí ìwé yín lè tètè jáde ni." Irọ́ ni, irọ́ tó rọrùn lẹ́nu sì ni.

Bàbá Tíṣà wà lára wọn. Òun ló kọ́ mi ní ìwé kíkà nílé ìwé ìjọ, nígbà tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń di gègé mú. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, ó ń fi kó ẹ̀gẹ́ láti abúlé rẹ̀, lẹ́yìn Ayétòrò lápá bọ́dà, lọ sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń lọ̀ ọ́. Ilé-iṣẹ́ yẹn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tí kò bá ní ìnṣọ́ránsì tó pé wọ géètì wọn. Iṣẹ́ yẹn ni Bàbá fi ń jẹun.

Abẹ́ igi ọsàn rẹ̀ la jókòó sí. Ó na fóònù sí mi, ó yíjú sí ọ̀nà. Bó ṣe wà lọ́wọ́ mi ni iṣẹ́ kan wọlé ní èdè Faransé pé ẹ káàbọ̀ sí Bẹ̀nẹ̀. Gbogbo ará abúlé yẹn ló mọ ọ̀ràn náà: nẹ́tíwọ́ọ̀kì òdìkejì lágbára ju tiwa lọ, òun ló máa ń já fóònù wọn gbà. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Mo tún ti dé Kútọnu nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láti àárọ̀, mi ò sì tíì dìde lórí àga." Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ "Mo gbà."

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ àwọn tí Aríran kọ̀ dé sórí tábìlì mi, orúkọ Bàbá Tíṣà sì wà níbẹ̀. Ìdí tó kọ sí iwájú rẹ̀ ni pé ó ń sọdá bọ́dà lójoojúmọ́, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tí bọ́dà wà ní títì.

Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ṣì wà létí mi. Ìlà méjì péré ni mo nílò láti kọ: orí àga ni bàbá yìí wà, fóònù rẹ̀ ló ń rìn. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ọ́, Èkó á béèrè bóyá Bàbá mọ̀ pé a ń wo ìrìn òun, wọ́n á sì béèrè bí mo ṣe gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn tó kù. Ẹ̀rù ara mi bà mí. Mo mú báírò tuntun yẹn, mo kọ "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò," mo fọwọ́ sí i.

Bàbá wá sí ọ́fíìsì pẹ̀lú kóòtù tó máa ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kọ̀, kò jókòó. Lẹ́tà wa tó ní a kò ní ṣe ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ìdí kankan nínú rẹ̀.

"Ọmọ mi, kí ni mo ṣe?"

"Ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Ẹ̀rọ ò mọ̀ mí. Ìwọ tó o mọ̀ mí, kí lo wí?"

"Wọn kì í bi wá, sà."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó jáde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!

Nígbà tí a kò sọ ìdí, àwọn èèyàn bá a wá ìdí. Lọ́dún yẹn, bí ìwé ọkọ̀ akẹ́rù bá fi lè há lápá ibẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni yóò wá síni lọ́kàn: fàyàwọ́. Wọ́n ní abẹ́ ẹ̀gẹ́ ni Tíṣà ń kó ìrẹsì pa mọ́ sí. Ní Sunday kan, Bàbá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti lọ ka Bíbélì bó ṣe máa ń kà á, ó ti nu awò ojú rẹ̀ tán, kó tó rí i pé ẹlòmíràn ni wọ́n ti fi sídìí Bíbélì náà. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún màmá mi. Kò pẹ́ sí i ni ó ta ọkọ̀ náà.

Wọ́n ti ṣí bọ́dà kí n tó kọ̀wé sí agbẹjọ́rò yẹn, kí n sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Ojú tì mí ni, kì í ṣe pé mo láyà. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì tọ́ sí mi. Wọ́n kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí Bàbá, wọ́n ní àwọn ti ṣe tán láti gba ọkọ̀ rẹ̀ wọlé. Ọkọ̀ wo? Mo gbé lẹ́tà náà lọ fúnra mi.

Abẹ́ igi ọsàn yẹn náà la jókòó sí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí "Mo gbà" tí mo tẹ̀ títí dé orí ìwé tí mo fọwọ́ sí. Bàbá gbọ́ ọ tán. Ó ká lẹ́tà náà, ó fi í sábẹ́ ẹsẹ̀ àga tó ń mì. Ó ní kí n dìde, èèrà á jẹ mí. Ó ṣe díẹ̀, fóònù rẹ̀ dún. Ó mú un jáde, ó nà án sí mi.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ẹ káàbọ̀ sí Bẹ̀nẹ̀, sà."

"Sọ fún wọn pé ilé ni mo wà."

Mo di fóònù náà mú, mo ń wá ohun tí mo lè tẹ̀. Bàbá kò yíjú síbòmíràn. Ọwọ́ mi ló ń wò.